ÒKÈÈRÈ NI A TI Ń WÒ Ó: Àlàyé lórí Ìtọ́jú Ìlera Láti Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn baba wa ní, "Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé a fi ojú wo nǹkan, òun náà ni a sì fi ń sọ pé dókítà wo aláìsàn. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí yóò wo aláìsàn gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ní òde òní, dókítà lè wà ní Ìbàdàn kí ó sì máa bá aláìsàn tí ó wà ní abúlé oko sọ̀rọ̀, kí ó bi í ní ìbéèrè, kí ó sì tọ́ ọ sí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé: ohun tí ó jẹ́, bí a ṣe ń lò ó, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

FÓÒNÙ MÉJÌ NÍNÚ ILÉ KAN

Kí n tó wọ inú àlàyé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún. Ní ọdún 2014, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná, ó kọ ọmú, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Alẹ́ ni, òjò ń rọ̀, ilé ìwòsàn sì jìnnà sí abúlé náà. Àwọn ará ilé fi òrí pa á lára, wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n sì pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́ àwọn yóò gbé e lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọmọ náà fi dákẹ́. Òtútù àyà ni.

Fóònù méjì ni ó wà nínú ilé náà ní òru ọjọ́ yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ara ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi ń wo ojú ọmọ náà. Nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tí ó gbẹ̀bí rẹ̀ wà nínú fóònù náà gan-an. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni mo tó lè bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ìdí tí wọn kò fi pe nọ́ọ̀sì. Ó ní, "N kò fẹ́ jí àǹtí nọ́ọ̀sì lójú oorun. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé a lè fi fóònù béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

N kò lè sọ pé ìpè kan ṣoṣo ì bá dá ẹ̀mí ọmọ náà sí. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: nọ́ọ̀sì náà ì bá ti sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró di òwúrọ̀. Àìmọ̀ yìí ni mo ń bá jà láti abúlé dé abúlé, òun náà ni ó sì mú mi kọ èyí.

KÍ NI ÌTỌ́JÚ LÁTI Ọ̀NÀ JÍJÌN?

Ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn ni kí aláìsàn wà ní ibì kan, kí òṣìṣẹ́ ìlera wà ní ibòmíràn, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pàdé ara wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, aláìsàn lè béèrè ohun tí kò yé e, ó lè gba ìmọ̀ràn, ó sì lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ tàbí kí ó máa tọ́jú ara rẹ̀ nílé. Kì í ṣe idán rárá. Ẹni tí ó wà ní òdìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìlera tí ó sì ní ìwé àṣẹ láti ṣe é.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀:

1. Ìpè lásán. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tó fún èyí. Kò béèrè dátà, kò sì béèrè ìwé kíkà.

2. Ìpè onífídíò. Dókítà yóò rí ojú aláìsàn, yóò rí èébì tàbí wíwú ara, yóò sì rí bí ó ṣe ń mí. Èyí nílò fóònù ńlá àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ó dára.

3. Fífi àwòrán tàbí èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé lè ya fọ́tò egbò tí kò jiná, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà yóò wò ó nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, yóò sì dáhùn. Bákan náà ni a ń ṣe pẹ̀lú àwòrán X-ray.

4. Wíwọn ara ẹni nílé. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ yóò máa fi ẹ̀rọ wọn ara rẹ̀, yóò máa kọ èsì sílẹ̀, yóò sì máa kà á fún òṣìṣẹ́ ìlera lórí fóònù.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Àwọn kan rò pé àṣà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ni. Rárá o. Ní ọdún 1905, Willem Einthoven, onímọ̀ ìṣègùn kan ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Netherlands, fi wáyà tẹlifóònù gba àkọsílẹ̀ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù láti ilé ìwòsàn wá sí yàrá ìwádìí rẹ̀. Nǹkan bí kìlómítà kan àbọ̀ ni ó wà láàárín ibi méjèèjì.

Ní ilẹ̀ Australia, níbi tí oko ẹran kan ti lè jìnnà sí èkejì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Flynn dá ètò sílẹ̀ ní ọdún 1928, nípa èyí tí àwọn dókítà ń fi ọkọ̀ òfurufú lọ wo aláìsàn. Ṣùgbọ́n báwo ni àwọn ará oko yóò ṣe pe dókítà nígbà tí kò sí iná mànàmáná? Ní ọdún 1929, Alfred Traeger ṣe rédíò kan tí a ń fi ẹsẹ̀ wà bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ kí ó lè ní agbára. Láti ọdún 1942 ni wọ́n sì ti ń pín àpótí oògùn tí a kọ nọ́ńbà sí ara oògùn kọ̀ọ̀kan fún àwọn oko náà. Dókítà yóò gbọ́ àlàyé lórí rédíò, yóò sì sọ nọ́ńbà oògùn tí kí wọ́n mú láti inú àpótí àti iye tí kí wọ́n lò. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ nìkan ni ó yí padà láti ìgbà náà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ní tẹlifóònù kankan kí fóònù alágbèéká tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Lónìí, ẹni tí kò ní kànga nínú ọgbà lè ní fóònù nínú àpò. Nígbà tí àrùn COVID-19 wọ orílẹ̀-èdè wa ní oṣù kejì ọdún 2020, tí ìjọba sì sé àwọn ará Èkó mọ́lé ní òpin oṣù kẹta, ó ṣòro fún àwọn tí àìsàn mìíràn ń ṣe láti dé ilé ìwòsàn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ètò kan tí a pè ní Eko Telemed sílẹ̀ kí ará ìlú lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsan owó. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní ilẹ̀ England pàápàá mọ̀ pé bí ara bá ń ṣe wọ́n tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, 111 ni wọn yóò pè. Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, 999 ni.

BÍ ÌPÈ KAN ṢE Ń LỌ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò pe òṣìṣẹ́ ìlera nítorí pé wọn kò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yìí ṣe ìtọ́sọ́nà. Ìyá ìbejì kan ni ó pe nọ́ọ̀sì ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ káalẹ́, àǹtí nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ káalẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tọrọ àforíjì, iṣẹ́ wa ni. Kí ni ó ṣẹlẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Kẹ́hìndé ni. Ikọ́ ń ṣe é láti ìjẹta. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ara rẹ̀ gbóná.

Nọ́ọ̀sì: Oṣù mélòó ni wọ́n pé báyìí?

Ìyá Ìbejì: Oṣù mẹ́sàn-án.

Nọ́ọ̀sì: Ṣé ó ń mu ọmú? Ṣé ó ń bì? Ṣé gìrì mú un?

Ìyá Ìbejì: Ó ń mu díẹ̀díẹ̀. Kò bì, gìrì kò sì mú un.

Nọ́ọ̀sì: Kí ni ẹ ti fún un?

Ìyá Ìbejì: Parasẹtamọ́ọ̀lù olómi lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán, àti àgbo díẹ̀. Màmá ọkọ mi ni wọ́n ní kí n fún un.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. Ẹ dá àgbo dúró. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ lè rí àyà àti ikùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó sunkún. Ìgbàkígbà tí ikùn rẹ̀ bá gòkè, ẹ kà á sí ẹyọ kan. Èmi yóò máa wo aago. Bí mo bá ní "ó tó", ẹ dúró. Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀.

(Ìṣẹ́jú kan kọjá.)

Nọ́ọ̀sì: Ó tó. Mélòó ni?

Ìyá Ìbejì: Mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Nọ́ọ̀sì: Ṣé ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bí ó bá ń mí sínú?

Ìyá Ìbejì: Ó ń wọnú, àǹtí.

Nọ́ọ̀sì: Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ di òwúrọ̀. Ẹ ní kí bàbá wọn wá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà nísinsìnyí. Ẹ máa fún un lọ́mú lójú ọ̀nà. Ẹ fi aṣọ bò ó, ṣùgbọ́n ẹ má dì í jù. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání. Èmi yóò ṣílẹ̀kùn dè yín.

Ẹ kíyè sí i pé nọ́ọ̀sì yìí kò dárúkọ oògùn kankan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà nílò ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àǹfààní tí ó tóbi jù lọ nínú ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn ni èyí: kí a má ṣe dúró de òwúrọ̀ nígbà tí kò yẹ, kí a má sì fi owó ọkọ̀ ṣòfò nígbà tí kò pọn dandan.

BÍ A ṢE Ń KA MÍMÍ ỌMỌ

Gbogbo òbí ni ó yẹ kí ó mọ èyí. Ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọmọ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ikọ́ bá ń ṣe ọmọ, tí iye mímí rẹ̀ sì tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń mí yára jù:

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2: 60 ní ìṣẹ́jú kan.
Ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11: 50 ní ìṣẹ́jú kan.
Ọmọ ọdún 1 sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5: 40 ní ìṣẹ́jú kan.

Mímí tí ó yára jù jẹ́ àmì òtútù àyà, ó sì ní oògùn tí ó ń wò ó bí a bá tètè débẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ àyà bá tún ń wọnú, ọ̀rọ̀ náà le. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, àìsàn yòówù kí ó ṣe é, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá. Ẹ lè máa pe nọ́ọ̀sì bí ẹ ti ń lọ lójú ọ̀nà.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ A DÚRÓ SÓRÍ FÓÒNÙ

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Àwọn àìsàn kan wà tí ọwọ́ ni a fi ń kàn wọ́n, tí abẹ́rẹ́, omi ara tàbí iṣẹ́ abẹ nìkan lè yanjú. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Fún ọmọdé: kò lè mu omi tàbí ọmú, ó ń bi gbogbo ohun tí ó bá jẹ, gìrì mú un, ó ń sùn lọ́nà tí kò ṣeé jí, tàbí kò mọ ibi tí ó wà mọ́.

Fún aláboyún: ẹ̀jẹ̀ ń dà, orí ń fọ́ ọ gan-an, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, gìrì mú un, omi dà kí ọjọ́ tó pé, tàbí ọmọ inú rẹ̀ kò yírà bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Fún àgbàlagbà: ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò ṣeé gbé mọ́, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, àyà ń dùn ún gidigidi, tàbí kò lè mí dáadáa. Ẹ má ṣe sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ó sùn díẹ̀ ná." Àrùn rọpárọsẹ̀ kì í dúró de ẹni tí ó sùn.

Nọ́ńbà 112 ni a yà sọ́tọ̀ fún ìpè pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, a kì í sì í san owó lórí rẹ̀. Ní Èkó, 767 náà wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń pè, kí ẹlòmíràn nínú ilé máa wá ọkọ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì.

FÚN ÀWỌN TÍ Ó NÍ Ẹ̀JẸ̀ RÍRU

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹlòmíràn a máa bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀. Ìdí nìyí tí wíwọn ara ẹni nílé fi ṣe pàtàkì. Kí ẹ tó wọn ìfúnpá, ẹ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá sì wà ní déédéé ọkàn lórí tábìlì. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò.

Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà mélòó kan, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera yín, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ fún un. Bí ó bá tó 180/120, tí àyà sì ń dùn yín, tàbí tí apá kan ara kò lágbára, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí. Ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara yín yá. Oògùn náà ni ó mú kí ó yá.

Àwọn àgbàlagbà wa lè sọ pé àwọn kò mọ fóònù tẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ọmọ ilé tẹ nọ́ńbà, kí àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ máa sọ àìsàn yín fún yín. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀.

ÌMÚRASÍLẸ̀ KÍ A TÓ PÈ

1. Ẹ dúró sí ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dára, tí ariwo kò sì sí. Ẹ máa fi iná sínú fóònù kí alẹ́ tó lẹ́.
2. Kí aláìsàn wà nítòsí yín.
3. Ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, àti àìsàn tí ó ti ní tẹ́lẹ̀.
4. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ti lò sí iwájú yín. Ẹ má ṣe fi àgbo pamọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera kò pè yín láti bá yín wíjọ́.
5. Ẹ sọ oògùn tí ara aláìsàn máa ń kọ̀.
6. Ẹ mú bírò àti ìwé. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ tún un sọ fún un kí ó mọ̀ pé ó yé yín.
7. Ẹ béèrè pé, "Kí ni mo máa rí tí n ó fi mọ̀ pé ó yẹ kí n wá sí ilé ìwòsàn?" Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù lọ.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÀWỌN GBÁJÚẸ̀

Níbi tí ohun rere bá wà, ayédèrú kì í jìnnà síbẹ̀. Àwọn kan ń pe ara wọn ní dókítà lórí fóònù, wọn a sì máa ta oògùn tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àìsàn. Ẹ mọ̀ wọ́n báyìí: ojúlówó dókítà kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì yín. Kì í ṣe ìlérí pé àtọ̀gbẹ yóò lọ pátápátá ní ọjọ́ méje. Kì í sì í ní kí ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo dókítà ni ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ MDCN, kí ó sì máa sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún. Kò sí àrífín nínú kí ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ra oògùn, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀ àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Láti ọdún 2010, àwọn oògùn kan ti ní ibi tí a ń ha lára páálí wọn. Nọ́ńbà tí ó bá hàn ni ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù, èsì yóò sì wá láti sọ bóyá ojúlówó ni. Ẹ rí i pé fóònù tí a fi ń pe nọ́ọ̀sì lè bá wa mú ayédèrú oògùn pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ MÁA Ń BI WÁ

Ṣé àṣírí mi kò ní tú? Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ ìlera pa ọ̀rọ̀ aláìsàn mọ́, bóyá ojúkojú ni ó ti gbọ́ ọ tàbí lórí fóònù. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 náà sì dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní ipa tiyín: ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ láàárín ọjà, ẹ má sì fi fọ́tò ara yín ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Ṣé mo lè fi fóònù rọ́pò ìtọ́jú aboyún? Rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2016 pé ó yẹ kí aláboyún pàdé òṣìṣẹ́ ìlera ní ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ kí ó tó bímọ. Fóònù kò lè fọwọ́ kan ikùn, kò lè gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, kò sì lè gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àárín ọjọ́ ìpàdé kan sí èkejì ni ó ti wúlò.

Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ọmọ mi, ṣé mo lè pe nọ́ọ̀sì? Ẹ pè é. Bí ẹ bá ti ń pè, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi ORS. Bí kò bá sí ti inú ọ̀rá, ẹ po ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí náà iyọ̀ pọ̀ mọ́ lítà kan omi mímọ́. Ẹ gé ojú ṣíbí náà kí ó tẹ́jú. Nọ́ọ̀sì yóò sọ bí ẹ ó ṣe lo oògùn zinc pẹ̀lú rẹ̀.

KÍ ILẸ̀ TÓ ṢÚ LÓNÌÍ

Ohun kan ṣoṣo ni a ń bẹ̀ yín láti ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ka ìwé yìí tán. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó súnmọ́ yín, ẹ béèrè nọ́ńbà tí a fi lè pè wọ́n ní ọ̀sán àti ní òru, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò gbé e. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri níbi tí gbogbo ará ilé yóò ti rí i. Ẹ kọ́ ọmọ yín tí ó ti mọ̀wé kà bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀fun kọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ní ìlà gàdàgbà. Bí òjò bá pa á rẹ́, a tún un kọ. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ máa ń wá kà á níbẹ̀ ní òru, òun fúnra rẹ̀ a sì máa bá wọn ka mímí ọmọ. Ó ti bí ọmọ méjì sí i láti ìgbà náà. Nígbà tí mo bi í pé ṣé kì í tijú láti jí nọ́ọ̀sì mọ́, ó ní, "Oorun nọ́ọ̀sì yóò padà wá, àbúrò mi."

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ tètè béèrè.